Àpótí Tó Wà Láàárín Odò

Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ keje tí wọ́n ti ń wá Renato, ìtàn nípa ibi tó wọlé sí ti pọ̀ ní abúlé Zargush ju iye ilé tó wà níbẹ̀ lọ, olúkúlùkù sì di tirẹ̀ mú pinpin.

Bàbá Qalandar, tó ń ta tíì létí títì, ní àwọn àǹjọ̀nú obìnrin tó ń gbé orí òkè ló mú un lọ.

"Ṣé ẹ ò rí ojú ọmọ náà ni? Àwọn yẹn kì í gbé ẹni tí kò lẹ́wà. Èmi gan-an, nígbà tí mo wà lọ́mọ ogún ọdún, díẹ̀ báyìí ló kù kí wọ́n gbé mi."

"Wọ́n gbé yín dé ìdajì ọ̀nà," Gulnamo dá a lóhùn. "Nígbà tí wọ́n wá rí yín dáadáa, wọ́n ní kẹ́ ẹ máa lọ sílé."

Àwọn awakọ̀ jíìpù ní ọmọ náà ti fẹsẹ̀ rin òkè kọjá sí Ṣáínà. Àwọn ọ̀dọ́ ní bóyá kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí òun ni; wọ́n ní bí ayé bá sú àwọn èèyàn òkèèrè wọ̀nyí, wọ́n á wá ibi tí títì parí sí, wọ́n á sì jókòó síbẹ̀. Àwọn ọmọdé ní béárì ni. Ọlọ́pàá ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Wọ́n ti rí fìlà Renato lórí àpáta lẹ́bàá odò ńlá tó ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ọ̀rọ̀ sì ti parí lójú tiwọn: odò ló gbé e.

Mirbaz, ọkọ Gulnamo, nìkan ni kò ní ìtàn kankan. Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta ni. Kì í gba nǹkan gbọ́ àfi tó bá mọ bí nǹkan ọ̀hún ṣe ń ṣiṣẹ́. Nígbà èwe rẹ̀, ó rí jíìpù kan tí wọ́n ti pa tì, ó fi sípánà kan ṣoṣo tú u palẹ̀, ó sì tò ó padà. Lẹ́ẹ̀kíní, nọ́ọ̀tì mọ́kànlá ṣẹ́ kù sílẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, mẹ́ta. Lẹ́ẹ̀kẹta, kò sí ìkankan tó ṣẹ́ kù, jíìpù náà sì ké. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Òun náà ló ta wáyà irin sókè odò Spodin, tó sì kan àpótí tó ń rìn lórí rẹ̀, kí àwọn obìnrin abúlé lè máa ré kọjá lọ sí pápá ẹran lókè nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kí àpótí yẹn tó wà, ọjọ́ méjì ni wọ́n fi ń rìn yípo.

Ilé Mirbaz ni Renato dé sí. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún láti orílẹ̀-èdè Ṣílè ni. Ó ga, ẹ̀rín ò wọ́n lẹ́nu rẹ̀, ó sì ń ya àwòrán ohun gbogbo títí kan ilẹ̀kùn. Ó sùn sí ilé wọn lọ́jọ́ méjì. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ó gbé báàgì kékeré kọ́ èjìká, ó fi báàgì ńlá sílẹ̀ nínú yàrá, ó na ìka méjì sí Gulnamo pé ọjọ́ méjì lòun máa lò, ó sì jáde lọ. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, Gulnamo ò lè jẹun mọ́. Wọ́n ránṣẹ́ sí ọlọ́pàá.

Ohun àkọ́kọ́ tí Ọ̀gá Tawakal, tó kó àwọn ọlọ́pàá wá, bèèrè lọ́wọ́ Mirbaz ni pé, "Bàbá, ṣé ọmọ yìí ò ré kọjá sí pápá Spodin báyìí?"

"Kò ré kọjá," ni Mirbaz sọ láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. "Ọwọ́ mi yìí ni mo fi so àpótí mọ́ ẹ̀gbẹ́ tiwa. Ká ní ó ré kọjá ni, ọ̀hún ni àpótí ì bá wà."

Ta ló tún máa bá ẹni tó kan àpótí jiyàn? Ọlọ́pàá pa ojú ọ̀nà Spodin rẹ́ kúrò lára ìwé wọn, wọ́n kọjú sí odò ńlá, wọ́n sì fi igi gígùn tú etí rẹ̀ láti Zargush títí dé abúlé kẹta nísàlẹ̀.

Ní ọjọ́ keje tí à ń wí yìí, ẹ̀gbọ́n Renato obìnrin, Paloma, jókòó nílé ìdáná Gulnamo láàárọ̀. Nọ́ọ̀sì ni ní Dóhà. Ibẹ̀ ló ti wá, ó sì ti lo ọjọ́ mẹ́rin lábúlé. Tíì oníyọ̀ tí wọ́n gbé fún un ti tutù níwájú rẹ̀. Rozina, ọmọ àbúrò Mirbaz tó jẹ́ tíṣà nílé ẹ̀kọ́ abúlé, ló ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún un. Ọ̀gá Tawakal ti sọ fún un lánàá pé tó bá di ọ̀sán òní àwọn máa kúrò, torí òjò dídì ti ń ṣú bọ̀ lókè. Ìwé kan wà tó máa fọwọ́ sí. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé odò gbé àbúrò rẹ̀ lọ.

"Gbogbo èèyàn abúlé yìí ló ti sọ ohun tí wọ́n rò fún mi," Paloma sọ fún Mirbaz, Rozina sì ń túmọ̀. "Ẹ̀yin nìkan lẹ ò sọ nǹkan kan. Wọ́n ní ẹ mọ bí gbogbo nǹkan ṣe ń ṣiṣẹ́."

"Irọ́ ni wọ́n ń pa," ni Gulnamo dá sí i. "Kò tíì mọ bí ìdáná ṣe ń ṣiṣẹ́ láti ogójì ọdún."

Paloma rẹ́rìn-ín díẹ̀ nígbà tí wọ́n túmọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn fún un. Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa rẹ́rìn-ín nílé yẹn nìyẹn. Ó wá yọ fóònù, ó fi àwòrán kan hàn wọ́n. Àpótí onígi ló wà níbẹ̀, ó rọ̀ sábẹ́ wáyà, omi aláwọ̀ eérú ń hó nísàlẹ̀. Renato ló fi ránṣẹ́ sí i ní ọjọ́ tó dé abúlé. "Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé nǹkan yìí dára ju gbogbo òkè tí òun ti rí lọ. Kí ni?"

Mirbaz gba fóònù, ó gbé e jìnnà sójú. Ẹni bá fẹ́ kó sọ̀rọ̀ kò gbọ́dọ̀ bi í léèrè ìbànújẹ́. Kó bi í léèrè ẹ̀rọ. Ó fa ìjókòó rẹ̀ sún mọ́ tábìlì.

"Ẹ wò ó. Wáyà yìí ni ọ̀nà. Kẹ̀kẹ́ irin méjì yìí ló ń sáré lórí rẹ̀. Okùn yìí, ara òpó ẹ̀gbẹ́ tiwa ló ti wá; bí àpótí ṣe ń lọ lòun náà ń tú. Ẹni tó bá fẹ́ ré kọjá á wọ inú àpótí, á nawọ́ di wáyà mú lókè orí rẹ̀, á máa fa ara rẹ̀ lọ. Tó bá dé ọ̀hún, á fi ìkọ́ tó wà níbẹ̀ so àpótí mọ́lẹ̀, á bọ́ sílẹ̀."

"Tí kò bá wá so ó ńkọ́?"

"Tí kò bá so ó, kò ní dúró. Ṣẹ́ ẹ rí i, wáyà ò lè tẹ́ gbalaja. Ó gbọ́dọ̀ dẹ̀ ní àárín. Ìsàlẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ ń wá. Àpótí á yí padà, á lọ dúró sí..."

Ó tún tẹjú mọ́ àwòrán náà.

"Sí ibo?" Rozina bèèrè. Paloma ò tíì gbọ́ ìtumọ̀, ṣùgbọ́n ojú Mirbaz ló ń wò.

"Sí àárín," ni Mirbaz sọ. Ó gbé fóònù sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni gbé ẹyin sílẹ̀. "Gulnamo, níbo ni bàtà mi wà?"

Àárín odò ni Mirbaz ti bá àpótí ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejì tí Renato jáde. Ó lọ gé ẹ̀ka igi ní ẹ̀bá odò, ó rí àpótí tó ń fì lórí omi lọ́hùn-ún, ó ṣépè fún àwọn ọmọ tí ń bẹ lábúlé, ó fi okùn fà á wálé, ó so ó. Kò ronú ìṣẹ́jú kan lé e lórí. Ní Zargush, àpótí tó wà láàárín odò dà bí ewúrẹ́ tó já: a kì í bèèrè ìdí, ńṣe là ń fà á wálé. Àwọn ọmọdé a máa tú u ṣeré, wọ́n á tì í kó lè sáré, wọ́n á sì sá lọ. Àwọn obìnrin ti kó ẹran sọ̀ kalẹ̀ láti pápá ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kò sì sí ẹni tó tún ní nǹkan ṣe lọ́hùn-ún títí di oṣù karùn-ún ọdún tó ń bọ̀. Nítorí náà, nígbà tí ọlọ́pàá béèrè, ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni ìkọ́ tó fi so ó. Kò rántí pé àárín odò lòun ti bá a kí òun tó so ó.

Ìdajì wákàtí ni ẹsẹ̀ ń rìn dé odò Spodin. Mirbaz ń kánjú níwájú, Paloma àti Rozina ń tẹ̀ lé e.

"Bàbá, kí ni kí n sọ fún un?" ni Rozina ń bèèrè.

"Má tíì sọ nǹkan kan. Ó lè jẹ́ àwọn ọmọ tiwa náà ni."

"Èwo nínú àwọn ọmọ? Ọmọ kíláàsì mi ni gbogbo wọn. Ẹ jẹ́ kí n bi wọ́n."

"Tó o bá bi wọ́n, ṣé wọ́n á jẹ́wọ́?"

"Wọ́n á jẹ́wọ́ ohun tí wọn ò ṣe pàápàá, tí mo bá gbé ojú mi yìí kọ́."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Nítorí ìyẹn ni mo ṣe fẹ́ bi okùn. Okùn kì í bẹ̀rù tíṣà."

Wọ́n dé ibẹ̀. Odò náà ń ké láàárín àpáta méjì débi pé ẹni méjì tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn gbọ́dọ̀ pariwo. Àpótí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn, ó so bí Mirbaz ṣe so ó. Okùn wà ní kíká lórí òpó. Mirbaz kúnlẹ̀ tì í, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u ní ìwọ̀n apá kan, apá kan.

Lọ́dọọdún, tí ẹran bá ti sọ̀ kalẹ̀, Mirbaz a máa fọ okùn yìí, a máa sá a, a sì máa fi òróró kóró àpíríkọ́ọ̀tì pa á kó má baà jẹrà. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún yìí náà, ọjọ́ mẹ́rin kí Renato tó lọ. Ó yẹ kí okùn náà pupa rúsúrúsú láti òkè délẹ̀, kó máa dán. Apá mẹ́wàá àkọ́kọ́ dán. Apá kẹẹ̀ẹ́dógún dán. Nígbà tó dé ogún, ìka rẹ̀ kan nǹkan tó rí ṣákiṣàki. Eérú ni, lẹ́búlẹ́bú òkúta funfun tó ti gbẹ, irú èyí tí omi yìnyín máa ń rù láti òkè wá, ó ti lẹ̀ mọ́ òróró. Ó ń tú u lọ: eérú, eérú, eérú. Ní apá kejìlélógójì, eérú tán, òróró tún bẹ̀rẹ̀ títí dé ara àpótí.

Ó jókòó sẹ́yìn. Ó rántí báyìí. Okùn yẹn wúwo lọ́jọ́ náà. Ó fà á títí kí àpótí tó mira. Ọwọ́ rẹ̀ tutù, ó nù ún sára ṣòkòtò, ó sì tún ṣépè fún àwọn ọmọ.

"Bàbá?" ni Rozina pè.

"Pe Ọ̀gá wá. Kí ó má tíì kó ẹrù sínú ọkọ̀."

Ọ̀gá Tawakal dé pẹ̀lú ọlọ́pàá méjì, Gulnamo sì tẹ̀ lé wọn, nítorí kò sí ẹni tó lè dá a dúró. Ọ̀gá wo àpótí, ó wo Mirbaz, inú rẹ̀ ò dùn.

"Bàbá, lọ́jọ́ kìíní ẹ ní kò ré kọjá. Lónìí ẹ ní ó ré kọjá. Kí lẹ máa sọ lọ́la?"

"Ẹyin lohùn, Ọ̀gá. Tèmi ti bọ́ sílẹ̀, ó ti fọ́. Mo wá ṣà á ni. Ẹ fún mi ní ìwọ̀n àkókò tí èèyàn fi ń mu ife tíì kan."

Ó tú ìkọ́. Ó ti àpótí tó ṣófo. Àpótí sáré lọ, kẹ̀kẹ́ ń dún gèrè, ó kọjá àárín díẹ̀, ó padà, ó tún lọ, ó wá dúró. Gbogbo wọn ń wò. Okùn rọ̀ láti òpó dé ara àpótí, kò sì kan omi rárá.

"Bí ọmọdé bá ṣe é, bó ṣe máa rí nìyẹn," ni Mirbaz wí. "Àpótí ò lè kọjá àárín, okùn ò sì lè tú ju ìdajì lọ. Omi ò ní kàn án. Ẹ wá wo èyí." Ó fi eérú ara okùn hàn wọ́n. "Kí okùn tó lè wọ omi tó báyìí, gbogbo rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ ti tú. Kí gbogbo rẹ̀ tó lè tú, àpótí gbọ́dọ̀ dé ọ̀hún. Kò sì lè dá dé ọ̀hún, torí òkè ni yóò gùn láti àárín lọ. Ènìyàn ló gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀ tó fà á. Nígbà tí ẹni náà bọ́ sílẹ̀, àpótí yí padà sí àárín, okùn tó ṣẹ́ kù sì ṣubú sínú omi."

Ọlọ́pàá kan, tó kéré lọ́jọ́ orí, ti ń mi orí bí ẹni tí wọ́n fi àṣírí òpìdán hàn. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá ò tíì gbà. "Bóyá ọ̀kan nínú àwọn obìnrin yín ló gbàgbé nǹkan lọ́hùn-ún, tó lọ mú un."

"Tí obìnrin Zargush bá lọ, á so àpótí lọ́hùn-ún," ni Gulnamo wí. "Àti pé, tó bá lọ, báwo ló ṣe padà? Ṣé ó fò ni?"

Ọ̀gá tún wo okùn náà, ó wo òdìkejì odò.

"Ẹ jẹ́ kí n lọ wò ó," ni Rozina sọ. Wọ́n fa àpótí wálé, ó wọ inú rẹ̀, ó di wáyà mú, ó sì ń fa ara rẹ̀ lọ. Nígbà tó kọjá àárín, ó ń ṣe wàhálà gidi, èjìká rẹ̀ ń lọ ń bọ̀. Mirbaz ń tú okùn fún un, ẹnu rẹ̀ sì ń ka apá. Ó dé ọ̀hún. Ó so àpótí. Wọ́n rí i tó tẹ̀ síwájú òpó, tó bẹ̀rẹ̀, tó wá dìde. Ó ń pariwo, ṣùgbọ́n odò gbé ohùn rẹ̀ mì. Ó wá gbé ọwọ́ sókè. Nǹkan kan ń rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, nǹkan búlúù, gígùn bí apá ọmọdé.

Paloma di apá Mirbaz mú. Kò dúró de olùtumọ̀. Ó fọwọ́ kan èjìká ara rẹ̀, ó fa ìlà láti ibẹ̀ dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó gbé báàgì kọ́. Kò sẹ́ni tí kò mọ ohun tó ń wí. Okùn báàgì àbúrò rẹ̀ ni. Ó fi okùn báàgì so àpótí, okùn sì já.

Nígbà tí Rozina padà wá, Mirbaz ní kó bá òun túmọ̀ gbolóhùn kan kí ẹnikẹ́ni tó tún wọ àpótí. "Sọ fún un pé ọmọ náà so àpótí, àpótí ló já. Èmi ni mo fà á wálé. Èmi náà ni mo sọ fún ọlọ́pàá pé kò kọjá. Sọ gbogbo rẹ̀, má yọ nǹkan kan."

Rozina sọ ọ́. Paloma wo ọkùnrin àgbàlagbà náà. Ohun tó wá sọ kò pọ̀.

"Ó ní, tó bá yá," ni Rozina túmọ̀. "Ó ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé òun kọjá."

Ènìyàn méjì ni àpótí ń gbà. Wọ́n kọjá ní méjì-méjì: Mirbaz àti Paloma, Rozina àti ọlọ́pàá kékeré, lẹ́yìn náà ọlọ́pàá kejì. Ọ̀gá dúró sídìí okùn. Gulnamo dúró tì í, ó sì ń pariwo kọjá odò títí ohùn rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ há:

"Ahéré kẹta! Tèmi nìyẹn! Mo fi ìyẹ̀fun àti wàràkàṣì gbígbẹ sílẹ̀ níbẹ̀!"

Wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ méjì péré nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n Mirbaz mọ ìyókù. Àwọn obìnrin kì í kó gbogbo oúnjẹ sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n á fi díẹ̀ kọ́ àjà ahéré, pẹ̀lú iyọ̀ àti ìṣáná, fún ẹni tí ojú ọjọ́ bá ká mọ́. Kò sẹ́ni tó ń bèèrè ẹni tó jẹ ẹ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbéra nílé, Mirbaz ò tíì jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ lọ síbi tí ọmọ náà wà lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, nítorí òkú ló ń rí lọ́kàn. Ní báyìí, ó ń ṣírò. Àpò ìyẹ̀fun kékeré kan. Ọkùnrin kan. Ìyẹn tó ogún ọjọ́, tí kò bá jẹun bí awakọ̀ jíìpù.

Wákàtí mẹ́rin ni wọ́n fi gun òkè náà. Afẹ́fẹ́ ti ní òórùn yìnyín. Níbi tí ọ̀nà ti yọ sí gbangba, wọ́n rí òkúta funfun tí ènìyàn tò sórí koríko gbígbẹ, ó gùn tó ilé, ó sì ṣe bí ọfà tó kọjú sí òkè. Paloma sáré kọjá gbogbo wọn. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n rí èéfín. Ó tín-ínrín, ó ń jáde láti ahéré kẹta.

Renato jókòó sẹ́yìn iná ìgbẹ́ màlúù, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ nà síwájú, ó wú bí iṣu. Ó ti fi aṣọ wé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọlé, kò dìde. Ó kàn ń wò ó bí ẹni tó ń gbìyànjú láti mọ̀ bóyá òun sùn. Ohun tí àwọn méjèèjì sọ fún ara wọn lẹ́yìn ìyẹn, Rozina ò túmọ̀ rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ní kó túmọ̀ rẹ̀.

Wọ́n fún un ní tíì gbígbóná. Díẹ̀díẹ̀, ọ̀rọ̀ ń jáde. Afẹ́fẹ́ ló gba fìlà rẹ̀ lórí títì, kó tó yà sí ọ̀nà òkè rárá. Ó fẹ́ ya àwòrán àpótí láti òdìkejì odò ni, lẹ́yìn náà ó rí ọ̀nà tó gòkè, ó sì tẹ̀ lé e. Ọjọ́ kẹta ló padà sí ẹ̀bá odò, tó bá àpótí ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ó pariwo fún ọjọ́ méjì. Ó wá gbìyànjú láti fi ọwọ́ rọ̀ mọ́ wáyà kọjá. Irin bó ọwọ́ rẹ̀, ó já bọ́ sórí àpáta kó tó lọ jìnnà. Ó fi ìdí wọ́ padà sókè.

Mirbaz gbọ́ ọ tán. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó fi sórí orúnkún. "Rozina, sọ fún un pé èmi ni mo fa àpótí."

Renato yíjú sí i. Ó sọ̀rọ̀, Rozina sì túmọ̀ rẹ̀.

"Ó ní òun rí yín, Bàbá. Láti orí òkè, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ó ní òun bọ́ aṣọ pupa òun, òun ń fì í. Ẹ ò gbójú sókè."

"N ò gbójú sókè," ni Mirbaz wí. "Ẹran ti sọ̀ kalẹ̀. N ò rò pé nǹkan kan wà lókè tí mo lè wò."

"Ó ní òun rò pé òfin yín ni. Pé ó ní ọjọ́ kan tí ẹ máa ń ti odò, àti pé òun ló rú òfin. Ó ń bèèrè ìgbà tí ẹ máa ń ṣí i."

"Oṣù karùn-ún."

Nígbà tí Renato gbọ́, ó nawọ́ sí ògiri. Ó ti pín ìyẹ̀fun sórí òkúta pẹlẹbẹ ní òkìtì kéékèèké, òkìtì kọ̀ọ̀kan ò ju ẹ̀kún àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ, ó tò wọ́n láti ẹnu ọ̀nà títí dé kọ̀rọ̀. Mirbaz dìde, ó tẹ̀ síwájú, ó kà wọ́n. Ó kù mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

"Ta ló kọ́ ọ báyìí?" ni Mirbaz bèèrè.

"Ó ní kò sẹ́ni tó kọ́ òun."

Mirbaz mi orí. Ó yọ okùn búlúù tó já náà láti àpò rẹ̀, ó fi lé itan ọmọ náà. "Fi bí o ṣe so ó hàn mí."

"Bàbá, òjò dídì ń bọ̀," ni ọlọ́pàá kékeré wí.

"Mo rí i. Jẹ́ kó fi hàn mí."

Ìka inú aṣọ náà ṣì rántí: ìyípo méjì, ó gbà á lábẹ́, ó fà á. Mirbaz fọwọ́ fa kókó náà sọ́tùn-ún, ó fà á sósì, ó gbé e súnmọ́ iná kó lè rí i.

"Sọ fún un pé kókó yìí dára. Bó ṣe yẹ kí èèyàn so ó nìyẹn. Okùn báàgì ni kò nípọn tó. Irin ìkọ́ ló rẹ́ ẹ. Àṣìṣe òun kọ́."

Rozina túmọ̀. Ọmọ náà wolẹ̀, èjìká rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í mì, Paloma sì fi ọwọ́ gbá a mọ́ra.

Mirbaz bẹ̀rẹ̀ níwájú rẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí i. Àwọn ọlọ́pàá méjèèjì ní kó dìde, pé àwọn ló lágbára, pé kí ló ń ṣe. Ó dúró lórí orúnkún méjèèjì títí Renato fi fi apá yí i lọ́rùn ká. Ó wá di ògiri mú, ó gbé ara dìde pẹ̀lú rẹ̀, ó sì jáde.

"Ó ń bèèrè pé ṣé òun ò wúwo jù," ni Rozina wí lẹ́yìn rẹ̀.

"Ó wúwo," ni Mirbaz dáhùn, ó sì ń wá ibi tó dúró dáadáa tó lè gbé ẹsẹ̀ kejì lé.